Nọ́ọ̀sì Tó Wá Wẹ́dà Dé Ìsọ̀

Iná irin ń ta ṣáṣá nígbà tí wẹ́dà gbójú sókè, tó rí ọmọbìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń sá fún iná yẹn. Èyí kàn fọwọ́ bojú ni, kò sún sẹ́yìn rárá. Aṣọ nọ́ọ̀sì ló wọ̀, eruku bo bàtà rẹ̀, ẹwà rẹ̀ sì mú kí wẹ́dà ṣí awò dúdú kúrò lójú kó lè rí i dáadáa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá. Ilé ìwòsàn àdúgbò yìí ni mo ti ń bọ̀. Bàbá yín ló rán mi sí yín."

Ojú wẹ́dà kọ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn yẹn títí jẹjẹrẹ fi gbé e lọ. Láti ìgbà náà, kò gba iwájú ibẹ̀ kọjá mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà yíká, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀.

"Kí ni bàbá mi wá dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Wọ́n ń yọ́ wá ni. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá gbọ́, ilé ò ní gbà yín."

Ó ṣàlàyé fún un. Bàbá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá wá, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á ka ojú ewé tó kẹ́yìn nínú káàdì rẹ̀, á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, á fún un lóògùn.

"Èmi ka káàdì náà láti òkè délẹ̀. Bàbá yín ti rù, ẹ̀jẹ̀ ara wọn ò sì tó mọ́. Ó yẹ kí ọsibítù ńlá yẹ ìfun wọn wò. Àmọ́ wọ́n ní àwọn ò lọ, àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i."

"Jẹ̀dí ni! Baba yẹn ń lá ṣúgà ju ọmọdé lọ. Ẹ pa ìyá mi, ẹ tún fẹ́ pa á? Máa lọ!"

Ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé.

"Ṣé etí rẹ di ni?"

"Etí mi là. Orí kunkun ni mo ní, bíi tiyín." Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ti ka káàdì ìyá yín. Òótọ́ lẹ ń sọ, bọ̀ọ̀dá. Ó yẹ ká ti tètè fura, a ò fura. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ka ti gbogbo ẹni tí àìsàn kan náà bá ń gbé wá léraléra."

Wẹ́dà jókòó sórí irin. Kò tíì sẹ́ni tó ti ibẹ̀ wá sọ fún un rí pé òótọ́ ló ń sọ.

"Níbo ni ọsibítù ńlá ọ̀hún wà?" ló béèrè.

Wọ́n gbé bàbá lọ síbẹ̀, wọ́n yẹ ìfun rẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, àmọ́ kò tíì tàn ká ara. Wọ́n gé e kúrò. Ní gbogbo àkókò tí iṣẹ́ abẹ náà fi ń lọ, nọ́ọ̀sì jókòó ti wẹ́dà lórí bẹ́ńṣì, kò sì fi í sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ìfẹ́ wọ àárín àwọn méjèèjì, nọ́ọ̀sì sì di ẹni tí kì í wọ́n nílé wẹ́dà. Baba a máa rẹ́rìn-ín: "Ayé mà yí o! Ìgbẹ́ mi ló ṣe alárinà fún ọmọ mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wẹ́dà gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ilé ìwòsàn. Ó bá nọ́ọ̀sì láàárín òkìtì káàdì.

"Olólùfẹ́ mi, mo wá bẹ̀ ọ́ kó o fẹ́ mi."

"Ṣé ẹ ti wá dárí jì wá ni?"

"Ó ṣì kù díẹ̀. Ìwọ nìkan ni mo ti dárí jì, ìwọ tí o ò ṣẹ̀ mí."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo káàdì ọwọ́ rẹ̀.

"Mo gbà, olówó orí mi. Àmọ́ ìyá àgbà kan rèé, inú ríro kan náà ló ń gbé wọn wá ṣáá. Ẹ gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn."

Wẹ́dà ṣáná sí alùpùpù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gun ẹ̀yìn, ó gbá a mú, wọ́n sì jọ wá ilé ìyá náà lọ.