Àmín tí Mo Ṣe

Ọjọ́ tí ọrùn ọmọ mi le náà ni ọrùn Màmá rọ̀. A ní ìrọ̀rí ló fà á. Òun gan-an fi ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ọrùn tó ti ru wàhálà ọkọ àti ọmọ láti ìgbà èwe, ó yẹ kó sinmi. Mo bá a rẹ́rìn-ín, torí inú mi ń dùn.

Màmá ni ìyá ọkọ mi. Iṣẹ́ aṣọ rírán la jọ ń ṣe nínú yàrá iwájú: èmi wà nídìí ẹ̀rọ, òun ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù. Ọmọ mi ti tó ẹni tí í dá jókòó, síbẹ̀ orí rẹ̀ ń yẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, nọ́ọ̀sì ní ọmọ kì í bára wọn dọ́gba, àmọ́ kí n tètè padà wá. Mo ti kọ́ ìwé díẹ̀ ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà, mo lè ka ohun tó kọ sínú káàdì. Ẹkún ni kíkà yẹn kó bá mi.

Màmá ló ń tù mí nínú. Ó ní bàbá ọmọ náà pẹ́ kó tó rìn, ìgbà tó sì rìn tán, ilé bàbá mi ló rìn wá tààrà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe ń wẹ ọmọ, orí ọmọ ṣubú sí i lápá. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Kí Ẹlẹ́dàá bù nínú tèmi kún tìẹ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Àmín," ni mo dá a lóhùn. Láti ìsàlẹ̀ ikùn ni mo ti ṣe é.

Kò pẹ́ sí i ni ọrùn le, bí mo ti sọ. Ọmọ wá jókòó; Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn ti ògiri. Ọmọ fi ìka méjì he bọ́tìnì nílẹ̀, bí ẹyẹ tó ń ṣa ọkà. Mo pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tín-ín. Abẹ́rẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Màmá, ìka rẹ̀ kàn ń gbá a kiri lórí sìmẹ́ǹtì ni, kò lè mú un.

Ọkọ mi ní ogbó ni. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ ti ń bá ẹgbẹ́ lọ.

Nígbà tí ọmọ rá, Màmá ò lè dìde mọ́. Nígbà tí ọmọ di àga mú, tó nàró, mo pọ̀n ọ́n, n ò sì sọ̀ ọ́ mọ́. Mo ń rán aṣọ, ó ń ta ẹsẹ̀ sí mi níhà, ó ń wá ilẹ̀.

"Ìyàwó mi," Màmá pè mí láti orí ẹní, "sọ ọmọ kalẹ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àdúrà yẹn padà."

"Mo ti ń gbà á padà tipẹ́. N ò rí ẹni ṣe àmín sí i ni."

Mo la ẹnu. Mo rántí bí orí yẹn ṣe ń ṣubú. Mo pa ẹnu dé.

Màmá rọra mí èémí. "Ó dáa náà," ló wí.

Mo tú ọ̀já. Ọmọ rìn lọ bá a tààrà, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí arúgbó. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Màmá. Ó rọ̀ bíi ti ọmọ àná.

Ọ̀rọ̀ nìkan ló kù. Bí ètè ọmọ bá ti mì báyìí, màá ti fi ọmú dí i. Lánàá, ó yọ ẹnu kúrò lọ́mú, ó wò mí lójú.

"Ìyàwó mi," ló wí.

Màmá nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ nílé yìí. Mo yíjú sí ẹní. Màmá ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, itọ́ ń ṣàn, kò sí ohùn níbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì yà wá wò wá. Ó rí ìwé kíláàsì mi lórí ẹ̀rọ, ó kí mi kú iṣẹ́, ó sì gbé ọmọ lé itan.

"Kí ọgbọ́n orí ìyá ẹ di tìẹ," ló wí fún un.

Mo fi eyín di ahọ́n mi mú.

"Àmín," ni ọmọ mi wí.