Ìràwọ̀ Keje

Ìràwọ̀ méje ni Ṣàfíù rí nínú awò olójú méjì, ṣùgbọ́n mẹ́fà péré ló wà nínú fọ́tò.

Ó nu ojú fóònù, ó tún un yà. Mẹ́fà náà ni. Dumsor, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ti mú iná àdúgbò Mamobi lọ láti ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Ó ya ogún fọ́tò, ó tò wọ́n lé ara wọn, ó gé wọn róbótó kí wọ́n lè jọ ohun tí èèyàn ń rí nínú awò. Ìyá Àgbà ló ń ṣe é fún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n kò lè di awò mú.

Bí ó ti kọ́kọ́ ń ka ìràwọ̀ náà sókè ni Ìyá Àgbà ti dá a lẹ́kun.

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

Ó ti ka méje tán. Ọmọ méje sì ni Ìyá Àgbà bí. Mutmainah, ìyá Ṣàfíù, ni àbíkẹ́yìn, ó sì ń bọ̀ láti Èkó pẹ̀lú ẹrù aṣọ. Ìràwọ̀ tó kéré jù, lápá ọ̀tún, ni kò sí nínú fọ́tò.

Ó tún gbé awò sójú. Mẹ́fà.

Ó pe fóònù ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò lọ.

“Jẹ́ ó sinmi,” ni Ìyá Àgbà wí. “Àbí ìwọ lọkọ rẹ̀ ni?”

Ẹ̀rù kò jẹ́ kí Ṣàfíù lè fi mẹ́fà hàn án. Ó fi ìka ya àmì funfun kan sínú fọ́tò náà. Ìka rẹ̀ yẹ̀, àmì náà bọ́ sápá òsì. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbé fóònù fún Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ṣì ń rẹ́rìn-ín sí fọ́tò náà nígbà tí ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣàfíù, wá gbà mí lẹ́rù.”

Ìyá rẹ̀ ni. Ó ní ọkọ̀ àwọn já sí kòtò, òun kò sì mọ bí òun ṣe jáde. Nínú òkùnkùn, Ìyá Àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lójú, bó ti máa ń ṣe fún ọmọ tó bá ti ìrìnàjò dé. Ọwọ́ náà dúró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, níbi tí epo gbígbóná ti jó Mutmainah láti kékeré. Ó tún lọ sí tòsì. Ó rọra fà á sẹ́yìn.

Iná dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni àpá náà wà.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí Ṣàfíù, ó na ọwọ́ òsì sí i.

“Mú fóònù wá,” ó wí, “jẹ́ n wo ìràwọ̀ mi.”

Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìràwọ̀ fún un.