Ìyá Tó Kú Lẹ́nu Ọmọ Rẹ̀

"Pẹ̀lẹ́ o. Ará ò ní fẹ́ra kù mọ́."

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rédíò ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu géètì iléèwé, tó sì gbọ́wọ́ lé e léjìká bí ẹni tó wá kí olóòkú. Ọmọbìnrin tó ń kí náà yí ojú sí i.

"Ta ló kú?"

"Ìyá yín. Àbí ìyá alágbàfọ̀ yẹn kọ́ ló bí yín ni? Ẹ̀gbọ́n ẹ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Rédíò kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó yọ fóònù, ó tan fídíò kan. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà rèé lóòótọ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé, ó jókòó sí ilé ìdáná kan tó mọ́ tónítóní ní ìlú olótùútù, tíì gbígbóná wà níwájú rẹ̀, báàgì ńlá tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn kiri ayé sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá arúgbó tó gbà á sílé ló ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì ti arúgbó náà fúnra rẹ̀. Arúgbó náà bi í pé kí ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń sọ sí irú ìrìn báyìí. Ẹsẹ̀-ò-gbélé sorí kọ́.

"Ìyá mi ti kú láti kékeré mi," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ń retí mi nílé."

Omi bọ́ lójú arúgbó náà. Ó ní kó máa gbé lọ́dọ̀ òun títí òtútù yóò fi lọ, kò ní san nǹkan kan.

Ọmọbìnrin náà dá fídíò náà dúró. Ọdún méjì rèé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kúrò nílé, tó ní òun fẹ́ fi owó táṣẹ́rẹ́ yí ayé po. Ó ti la ilẹ̀ ńlá mẹ́ta kọjá. Ó ń sùn ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó ń bẹ àwọn awakọ̀ akẹ́rù kí wọ́n gbé òun, ó ń fọ abọ́ nílé àlejò kí wọ́n lè fún un ní bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá tí èèyàn mẹ́wàá ń sùn. Àbúrò rẹ̀ yìí ló ń bá a gé àwọn fídíò rẹ̀, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí i, tó sì ń gbé e síta lórí ojú ewé rẹ̀, torí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í dúró fún un lójú ọ̀nà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn ló ń tẹ̀ lé e, ìdajì àdúgbò sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó máa lọ, ìyá wọn ló lọ aṣọ mẹ́ta tó kó dání, tó ká wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí wọ́n má gba àyè nínú báàgì. Ìyá náà ló wá pa yìí!

"Ó fi ìyá tó ń mí ra tíì mu," ló wí.

"Tú u fó!" Rédíò dáhùn. "Ṣebí ọwọ́ ẹ ni ojú ewé ẹ̀ wà? Bó bá jẹ́ èmi ni, kò ní ríbi sùn lónìí."

Ọmọbìnrin náà délé láago mẹ́rin ku díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ ní yàrá iwájú, oru áyọ́ọ̀nù bò ó lójú, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Okùn mẹ́rin ló kọjá lókè yàrá náà, aṣọ àwọn oníbàárà sì kún orí wọn. Káàdì kékeré kan wà lára aṣọ kọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹni tó ni ín, ohun tó ta sí i, àti bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin náà ló ń kọ àwọn káàdì wọ̀nyí, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé. Ìyá rẹ̀ kò sì dákẹ́ ìkìlọ̀ fún un. "Àṣírí àdúgbò ló wà lórí okùn yìí," ni yóò máa wí. "Alágbàfọ̀ tó bá ń ròyìn ohun tó rí lára aṣọ, aṣọ tiẹ̀ nìkan ni yóò kù tó máa fọ̀." Ohun tí wọ́n ń jẹ nìyẹn, òun náà ni wọ́n fi ń san owó iléèwé.

"O ti dé?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó má fomi gbígbóná fọ súwẹ́tà tó kó dání yẹn o. Á súnkì mọ́ ọn lára."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ẹni tí wọ́n ní ó ti kú ń ro ti súwẹ́tà ẹni tó pa á! Ọmọbìnrin náà yọ fóònù rẹ̀. Ó yẹ kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó pè é, nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lókè pátápátá nínú fóònù. Ó tún yẹ kó sọ fún ìyá rẹ̀. Kò ṣe ọ̀kankan.

"Mọ́mì, ẹ wojú mi." Ìyá rẹ̀ gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, áyọ́ọ̀nù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ya á ní fọ́tò. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí ojú ewé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé fọ́tò náà sí i, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìyá tó ní ó ti kú rèé, ó ń lọ aṣọ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní. Òpùrọ́ ni. Ẹ má gbà á sílé." Ó tẹ̀ ẹ́. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn. Ó tilẹ̀ jẹun yó lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, ọmọ bàbá tí àdúgbò ń pè ní Olùkọ́ Àgbà já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Obìnrin àádọ́ta ọdún ni.

"Ìyá Alágbàfọ̀, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Ó na fóònù sí wọn lójú. Fọ́tò àná ni. Àwọn èèyàn ti fa ohun tó wà lẹ́yìn ìyá náà nínú fọ́tò tóbi. Lẹ́bàá èjìká ìyá náà, aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan wà lórí okùn, káàdì ara rẹ̀ sì kọjú síta: "Olùkọ́ Àgbà. Ìtọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Olùkọ́ tó kọ́ ìdajì àdúgbò ní ìwé kíkà nìyí, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lábẹ́ fọ́tò náà, Rédíò sì wà lára wọn.

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé yín wọlé kẹ́nì kan má baà mọ̀," ni obìnrin náà wí. "Bàbá mi ti rí i. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ àárọ̀."

Ìyá kò mọ nǹkan kan. Fóònù rẹ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi ń pe èèyàn lọ. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Kà á sí mi létí."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kó o kà á!"

Ó kà á. Níwájú oníbàárà ni ìyá náà ti gbọ́ pé ọmọ òun ti sin òun. Ó rọra gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, èèyàn mẹ́sàn-án ti wá kó aṣọ wọn. Àwọn kan kó tiwọn ní tútù, omi ń ro tótó lẹ́yìn wọn dé títì.

Nígbà náà ni fóònù ọmọbìnrin náà dún. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti bà mí jẹ́!" Ẹsẹ̀-ò-gbélé ń pariwo. "Arúgbó yìí ti ju báàgì mi síta! Yìnyín ń bọ́ lé mi lórí!"

"Ẹ lọ sùn lórí sàréè ìyá tẹ́ ẹ pa!" Òun náà pariwo padà.

Ìyá wọn gba fóònù náà.

"Mọ́mì! Mọ́mì, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Kí wọ́n lè ṣàánú mi ni mo ṣe..."

"Òkú kì í gbé fóònù," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì pa á.

Inú ọmọbìnrin náà fẹ́ dùn, àmọ́ ìyá rẹ̀ ti yíjú sí i. "Ìwọ náà má rò pé mo wà lẹ́yìn ẹ. Èmi ló pa, èmi ni mo ni ìbínú ọ̀hún. Ta ló rán ẹ níṣẹ́? O wọlé lánàá, o bá mi lórí ìdúró, kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mi ò fẹ́ kó dùn yín ni, mà."

"Kò wá dùn mí báyìí?" Ó da aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà lé e lọ́wọ́. "Ìwọ nìkan ni wàá gbé e lọ fún Olùkọ́ Àgbà. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kó o gbà."

Olùkọ́ Àgbà jókòó nínú yàrá rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó dí bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

"Ìwọ lo kọ káàdì yẹn?"

"Èmi ni, sà. Ẹ forí jì mí, sà."

"Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ dára. Kò sẹ́ni tí kò rí i kà." Ohùn rẹ̀ le. "Má sunkún sí mi lára. Ẹ̀gbọ́n ẹ purọ́ mọ́ ìyá ẹ níbi tẹ́nì kan ò ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ sọ òótọ́ nípa mi níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ mí. Tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n fi ṣe adájọ́, ta lo máa dá lẹ́bi jù?"

Bàbá náà ní kó gbé aṣọ náà sórí àga, kó sì máa lọ. Kò sọ pé òun ti dárí jì í.

Ẹsẹ̀-ò-gbélé ti jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé lórí ojú ewé kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ láìrẹ́ni ṣàánú rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti àbúrò rẹ̀ ló le. Ìbínú rẹ̀ kò lòdì, torí ta ni kò ní bínú? Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ wá là ń bá wí, a kì í gbé e lọ sójú ọjà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí inú bá ń bí yín, ẹ gbé fóònù, ẹ pe ẹni tó bí yín nínú, ẹ bá a jà tó bá yẹ kí ẹ bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọbìnrin náà ti pa fọ́tò náà rẹ́ láti ọjọ́ Sátidé yẹn. Olùkọ́ Àgbà kò sì tíì jáde sí ìta láti ìgbà náà.