Ọdún Kan Kí N Tó Di Ará Ibí

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Wendell Aasen wà nígbà tí Corinne kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ọkùnrin gígùn gbọọrọ, irun rẹ̀ pọ́n bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò ọmọbìnrin náà níwájú ilé ìtajà irinṣẹ́ bàbá Wendell, ó ń fi sípánà bá nọ́tì jà, òógùn ń kán tó-tó-tó nímú rẹ̀. Nọ́ńbà Louisiana tó ní àwòrán ẹyẹ òfú, ẹyẹ etí òkun, lára ló fẹ́ tú kúrò, kó lè fi ti Montana, ìpínlẹ̀ tiwọn, rọ́pò rẹ̀. Ìpẹtà kò gbà fún un.

"Ẹ dákun, ṣé inú òkun lẹ ti ń wa mọ́tò yìí ni?"

"Ẹ̀bá òkun ni wọ́n bí mi sí," Corinne dáhùn. "Tẹ́ ẹ bá wo èmi náà dáadáa, mo ti ń dípẹtà."

Ó gbójú sókè, ó sì wò ó dáadáa lóòótọ́. "Mi ò rí ìpẹtà kankan o."

Ìwé nọ́ọ̀sì ni Corinne fẹ́ kà. Ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Montana, ohun tí ọmọ onílẹ̀ ń san kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó àlejò, agbára rẹ̀ kò sì lè gbé ti àlejò láéláé. Kí àlejò tó lè di ọmọ onílẹ̀, àfi kó gbé ibẹ̀ fún oṣù méjìlá gbáko, kó gba nọ́ńbà mọ́tò ibẹ̀, kó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀, kó má sì rìnrìn àjò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò búra pé ibẹ̀ lòun fi ṣe ilé, pé kì í ṣe ìwé nìkan ló gbé òun wá.

Ó ríṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, Wendell ń wá a wá. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí yìnyín láìṣubú. Corinne náà se ọbẹ̀ ilá ti ìlú wọn, èyí tó ní edé nínú, fún un.

"Ṣé ọbẹ̀ rèé àbí gọ́ọ̀mù?"

"Jẹ ẹ́, kó lè lẹ ètè ẹ pọ̀, kí etí mi sinmi."

Wendell jẹ àwo mẹ́ta. Ó nu ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Corinne, ọmọ ẹlẹ́yẹ òfú! Arẹ́rìn-ín-móoru bí iná ìdáná nínú òtútù!" Láti ọjọ́ yẹn, "ẹ" kúrò láàárín wọn, "o" ló kù.

Àṣé ìjì ń bọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kejìlá, Wendell gbé igi ìdáná wá fún un. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Corinne lórí fóònù pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

"Ọdún tí mo máa fi kàwé náà ni, Màmá, ẹ má sunkún mọ́. Tí mo bá ti gbàwé ẹ̀rí, ilé ni mò ń bọ̀ tààrà. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe níbí?"

Wendell rọra sọ igi sílẹ̀. "Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún èmi?"

"Wendell, mo kàn fẹ́ tù wọ́n nínú ni."

"Ṣé àwọn lò ń parọ́ fún, àbí èmi?"

Corinne fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

"Mi ò fẹ́ wà lára àwọn ìwé tó ò ń kó jọ," Wendell wí, ó sì lọ.

Nígbà tí Corinne tún wọ ilé ìtajà wọn, ohun tó gbọ́ ni: "Ẹ káàárọ̀, mà. Kí lẹ fẹ́ rà?" "Ẹ" yẹn mú un lára ju yìnyín ìta lọ.

Gbogbo ìgbà òtútù náà, ó ń ra ìṣó tí kò nílò, títí ìṣó fi kún agolo mẹ́ta. Yóò dúró síwájú gíláàsì ilé ìtajà náà, yóò máa wo bí Wendell ṣe ń fi ọwọ́ gígùn rẹ̀ wọn okùn fún oníbàárà, ọkàn Corinne yóò máa fà bí ẹni pé òun ni wọ́n ń wọ̀n. Ní ìdí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà: "Olúwa, Ìwọ tó mọ inú ju ẹni tó ni ín lọ, fi inú mi hàn mí."

Nínú oṣù kẹrin, ó lọ kí ìyá rẹ̀, Odette, ní Louisiana fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó sọ pé, "Nílé wa, yìnyín ṣì wà nílẹ̀ báyìí."

Odette gbé ṣíbí sílẹ̀. "Nílé ta?"

Corinne yíjú sí fóònù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

"Ọmọ mi, ẹnu ẹ ti kó lọ. Ara ẹ ló kù síbí." Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Orúkọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Orúkọ ta ni, Màmá?"

"Ẹni tó ò ń torí ẹ̀ wo fóònù tí kò dún."

Ni ẹkún bá gba ojú Corinne. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá?"

"Ṣé bàálù kì í gbé ìyá èèyàn ni? Lọ bá ayé ẹ, jàre. Ọlọ́run á wà pẹ̀lú ẹ."

Oṣù kẹjọ dé, ọdún pé. Ọjọ́ tí wọ́n máa gba ìwé ìbúra kẹ́yìn, ẹni méjì péré ló ní òǹtẹ̀ ìjọba tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí ìbúra nílùú náà: obìnrin kan ní báǹkì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Corinne, àti Wendell. Corinne kọjá báǹkì. Kò bojú wò ó rárá.

Wendell ka ìwé náà lórí káńtà. "Mo búra pé Montana ni ilé mi, pé ó wà lọ́kàn mi láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke." Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ó ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mi ò lè lu èyí lóǹtẹ̀."

Corinne tún ti ìwé náà síwájú rẹ̀. "Wendell, tó o bá ń bínú, máa bínú, ṣùgbọ́n má fìwé mi jẹ mí níyà. Mi ò parọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ ni wàá gbọ́ ìbúra mi, ìdí nìyẹn tí mo ṣe kọjá báǹkì!"

"Mi ò sọ pé o parọ́. Òfin ni. Ẹni tó máa jàǹfààní ohun tó wà nínú ìwé kò gbọdọ̀ lù ú lóǹtẹ̀."

"Àǹfààní wo ni tìẹ nínú pé mò ń gbé Montana?"

Wendell ń fi ìka ha káńtà. "Ṣé dandan ni kí n sọ ọ́ níṣojú bàbá mi?"

"Sọ ọ́, jàre!" Bàbá Aasen ké láti ẹ̀yìn pẹpẹ ọ̀dà. "Láti ìgbà òtútù lo ti ń bà mí lọ́jà jẹ́. Wọ́n béèrè ọ̀dà, o gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn!"

Wendell gbójú sókè. "Tó o bá dúró, èmi ló máa jèrè jù. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, Corinne. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá irú ẹjọ́ yẹn láìṣègbè?"

Corinne ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara mi di ará ibí, kí ẹnì kan má baà sọ pé owó ilé ìwé ni mo torí ẹ̀ fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, wá bi mí léèrè."

"Báǹkì máa tó tì!" Bàbá Aasen tún ké.

Wọ́n sáré. Obìnrin báǹkì náà gbé òǹtẹ̀ jáde, ó ní kí Corinne na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Wendell dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣé ẹ búra pé òtítọ́ ni ohun tẹ́ ẹ kọ, pé ibí lẹ máa dúró sí?"

"Mo búra."

"Èmi ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, mà," Corinne wí, ṣùgbọ́n kò yí ojú rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.