Ọjọ́bọ̀ Abẹ́rẹ́

Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ìjọba ní Àrẹ̀mọ ni Mutmainnah ti kọ́kọ́ rí Sàídì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àgbà rẹ̀ ni Mutmainnah wá gbà, bẹ́ǹṣì tó sì kọ́kọ́ rí ló jókòó lé.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ni Sàídì wí. "Ti ẹ̀jẹ̀ ríru wà lọ́hùn-ún. Àwa tí orí wa dàrú rí la máa ń jókòó síbí l'Ọ́jọ́bọ̀."

Mutmainnah wò ó. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ó sì lọ̀ ọ́ dáadáa. "Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń gba abẹ́rẹ́ oṣooṣù. Wẹ́dà ni mí ní Bẹẹrẹ."

Mutmainnah rẹ́rìn-ín, kò sì dìde. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn ẹbí Sàídì wá tọrọ Mutmainnah. Ṣùgbọ́n wọn kì í fọmọ fọ́kọ láìṣèwádìí ní Ìsàlẹ̀ Òsì, àdúgbò àwọn Mutmainnah: ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ nílé yẹn, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí wèrè? Àlàájì Mikail, ẹ̀gbọ́n bàbá Mutmainnah, ló lọ sí Ọ̀rányàn, ilé àwọn Sàídì. Wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un.

"Kò ṣeé ṣe," ló wí nígbà tó dé. "A ò ní wèrè nílé yìí rí."

Mutmainnah kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájì, ara rẹ̀ ti yá. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Tí wọ́n bá wo wèrè sàn, á ku èyí tó máa fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ ẹ̀."

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Àlàájì, gbójú sókè. "Mikail, Èjìdé dà?"

Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Èjìdé, àbúrò Àlàájì, wà ní Kùmásì. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá ṣèwádìí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Wọ́n ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Àrò l'Ábẹ́òkúta. O ní aráyé á gbọ́. Ilé oníṣègùn la gbé e lọ, ìwọ lo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú tí wọ́n fi kan ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn. Inú irin yẹn ló kú sí. Lónìí, abẹ́rẹ́ ti dé Àrẹ̀mọ, ẹsẹ̀ lèèyàn ń fi rìn lọ gbà á. Kí lo tún fẹ́ kí ọmọ yẹn ṣe?"

Àlàájì wọ yàrá lọ, kò jáde títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Àánú rẹ̀ ṣe Mutmainnah, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bí ọ̀rọ̀ òun àti Sàídì ṣe máa já sí ló ń bà á jù.

Ní Jímọ́ọ̀, Àlàájì ránṣẹ́ pe Sàídì. Sàídì dọ̀bálẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Àlàájì ń wò.

"Ọjọ́ wo làwọn bàbá ẹ fẹ́ ká so yìgì?"

"Ọjọ́bọ̀ tó parí oṣù, sà."

"Ṣé kì í ṣe ọjọ́ abẹ́rẹ́ ẹ nìyẹn?"

"Òun ni, sà. Mo lè sún abẹ́rẹ́ síwájú."

"O ò ní sún un. Yìgì la máa sún. Sátidé la fi sí."

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ náà pé, Àlàájì tẹ̀ lé Sàídì lọ sí Àrẹ̀mọ. Nọ́ọ̀sì ní kí bàbá bọ́ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀jẹ̀ ríru, Àlàájì ní ibi tóun wà dára.

Ní Sátidé, wọ́n so yìgì Mutmainnah àti Sàídì. Nígbà tí àlùfáà ń ṣàdúà fún àwọn òkú ilé, Àlàájì dárúkọ Èjìdé mọ́ wọn.