Egbò Tí Káfíńtà Ń Tọ́jú De Adájọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, yẹ̀yẹ́ ni káfíńtà ń fi àbúrò rẹ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. "Dẹrẹ́bà aláfóònù" ló ń pè é, torí fóònù kì í kúrò létí rẹ̀. Wọ́n já pákó tán, àbúrò wọ lọ́rì, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn. Kò wẹ̀yìn rárá. Táyà bó awọ ojúgun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kalẹ̀.

Egungun kò ṣẹ́, àmọ́ ẹran hàn síta. Nígbà tí wọ́n fọ egbò náà tán ní ọsibítù, dókítà pe káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó.

"Egbò yìí fẹ̀ jù, kò lè padé fúnra rẹ̀. A máa bu awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára itan yín, a ó fi bò ó. Ṣùgbọ́n awọ náà ò ní lẹ̀ mọ́ ọn tí egbò bá dọ̀tí. Ẹ máa jẹ ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ má rìn lórí rẹ̀. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ojú egbò dáadáa."

Ìyàwó dúpẹ́. Ọkọ ti pe àbúrò rẹ̀ lẹ́jọ́, ẹjọ́ yẹn nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Wọ́n délé, ó ní, "Mi ò ṣe iṣẹ́ abẹ kankan títí a ó fi dé kóòtù."

"Baba ọmọ mi, kí lẹ wí?"

"Tí wọ́n bá bò ó, kí ni mo fẹ́ fi han adájọ́? Ẹlẹ́rìí mi nìyí. Ó di dandan kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n!"

"Ọmọ ìyá yín ni o!"

"Ọmọ ìyá mi ló tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ bí èèrà!"

Ẹ gbọ́ o, ṣé ẹ ti rí irú èyí rí? Bí egbò bá ti ń dára, inú á máa bí i. Ó ń mu sìgá, ó ń rìn kiri, ó ń tú báńdéèjì kí egbò má bàa gbẹ. Àbúrò wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, káfíńtà sọ ife lù ú.

Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò rí i, ó pariwo. "Bàbá, ta ni ẹ ń fìyà jẹ? A ti ya fọ́tò ẹsẹ̀ yìí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé yín dé. Dókítà á kọ̀wé ẹ̀rí fún adájọ́. Ẹ jẹ́ ká bò ó, ó ti ń kẹ̀!"

"Fọ́tò kì í rùn," ni káfíńtà dáhùn.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Ó tiro wọlé, àwọn èèyàn ń dímú, inú rẹ̀ ń dùn. Adájọ́ bi àbúrò bóyá ó jẹ̀bi.

"Mo jẹ̀bi, olúwa mi. Fóònù ni mò ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe mí ní nǹkan kan."

Káfíńtà sáré bẹ̀rẹ̀ sí í tú báńdéèjì. "Ẹ má tú u," ni adájọ́ wí. "Mo ti rí fọ́tò." Ó gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ àbúrò, ó sì rán an lọ sẹ́wọ̀n.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Kó tó délé, ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Wọ́n gbé e padà sí ọsibítù, àìsàn egbò ti wọ egungun. Awọ kò wúlò mọ́, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

"Ó jẹ̀bi, àbí kò jẹ̀bi?" ló bi ìyàwó rẹ̀ nígbà tó jí, oògùn oorun ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ó jẹ̀bi," ni ìyàwó wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ pa fóònù yín. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣe léṣe, mi ò ní kẹ́ ẹ dárí ji ẹnikẹ́ni. Inú ń bí èmi náà sí dẹrẹ́bà yẹn. Ẹ ya fọ́tò, ẹ gba ìwé dókítà, ẹ rojọ́ yín kí ẹ sì jàre. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní egbò ti tó bò, ẹ jẹ́ kó bò ó. Àbúrò káfíńtà yóò lo ọjọ́ rẹ̀ tán lẹ́wọ̀n, yóò sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn jáde.