Ìdajì Ìwé Tó Wà Lọ́wọ́ Rewájú

Ẹ̀rín ni Ìbídùn kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ẹni tó ń rín in. Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó sábẹ́ igi àgbọn létí ọ̀sà Àgbádárìgì, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó tẹjú mọ́ ìwé kan tí kò ní èèpo iwájú, bí ẹni pé ìwé náà ń bá a ṣàwàdà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìdajì ìwé mi ló wà lọ́wọ́ yín yẹn."

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Ìbídùn, ó wà lọ́dún tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé ìtàn tí wọ́n máa fi ṣèdánwò, ó sì ti já sí méjì. Olùtọ́jú ìwé yá a ní apá iwájú, ó yá ẹlòmíì ní apá ẹ̀yìn.

"Áà, ìwọ ni iwájú!" Ọ̀dọ́kùnrin náà dìde. "Rewájú ni mò ń jẹ́, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi."

"Ọkùnrin inú ìtàn yẹn, ṣé ó padà fẹ́ ọmọbìnrin yẹn?"

"Mi ò ní í sọ. Wá gbọ́ ọ lọ́jọ́rú."

Bó ṣe di gbogbo Ọjọ́rú nìyẹn. Nígbà tó yá, wọ́n á ṣí ìwé sílẹ̀, wọn ò ní í kà á mọ́.

Bàbá Ìbídùn, apẹja, kò fẹ́ gbọ́. "Ọmọ Èkìtì!" ló wí, ohùn Ègùn hàn ketekete nínú Yorùbá rẹ̀. "Orí òkè ló ti wá, kí ló mọ̀ nípa omi? Yóò gbé ọ lọ síbi tójú mi ò ní í tó ọ. O ò gbọdọ̀ rí i mọ́."

Ìbídùn sunkún títí. Bó bá gbọ́ràn, àti ìdánwò àti olólùfẹ́ ló máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ márùn-ún, Rewájú gbéra ní Ìbẹ̀rẹ̀kò tó ń gbé, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sábúlé àwọn Ìbídùn kó lè mú ìdajì ìwé náà lọ fún un. Ìbídùn àti bàbá rẹ̀ ń ká àwọ̀n létí omi. Ọkọ̀ kò tíì gúnlẹ̀ tí Rewájú tajú kán rí àgbàlagbà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọkọ̀.

Ọkọ̀ dojú dé. Ọlọ́kọ̀ bọ́ sómi tòun tèébú.

"Bàbá, ẹ gbà mí o!" Ìbídùn figbe ta.

Ọwọ́ kan yọ lókè omi, ìwé sì wà nínú rẹ̀, gbígbẹ fúrúfúrú. Rewájú ń mumi, ó ń wúkọ́, kò sọ ọ́ sílẹ̀.

"Ìwọ yìí, fẹsẹ̀ tẹlẹ̀!" ni Bàbá ké.

Ó nàró. Omi ò kọjá ìbàdí rẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àwọ̀n. "Kí ló dé tóò ju ìwé nù, kóo di ọkọ̀ mú?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n yá mi ni."

Bàbá ní kí Ìbídùn mú ìdajì tirẹ̀ wá. Ó gba ìdajì méjèèjì, ó mú abẹ́rẹ́ àti okùn àwọ̀n, ó rán wọn pọ̀, kókó lórí kókó.

"Ẹni tó lè gbé ohun àyálò sókè báyìí, kò ní í jẹ́ kí tèmi rì. Ẹ lọ jọ kà á. Lẹ́yìn ìdánwò, káwọn òbí ẹ wá rí mi."

Ìbídùn mí kanlẹ̀. Inú Rewájú dùn, ó tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀ níbi tó dúró sí nínú omi. Bàbá yára gbá a lẹ́wù mú.

"Sọ fún wọn pé títì ni kí wọ́n gbà wá o. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń kí mi."